Fèrèsé Tó Kọjú sí Ọ̀sà

Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹ má wá àga kiri, búlọ́ọ̀kù wà nílẹ̀ níta níbí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ lẹ ní kí n wá sọ bí ìjọ yìí ṣe rí láyé àtijọ́, ẹ sì ní kí n má jẹ́ kó gùn jù. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo búlọ́ọ̀kù tí ẹ jókòó lé yẹn dáadáa. Láti ọjọ́ Ẹtì ni bíríkìlà ti kó o dé. Òun ni ìgbìmọ̀ ìkọ́lé fẹ́ fi dí fèrèsé ńlá tó wà lẹ́yìn mi yìí, èyí tó kọjú sí ọ̀sà, kí wọ́n lè gbé síkírìn kọ́ sójú rẹ̀. Inú ń bí mi. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Tí ọ̀rọ̀ mi bá le jù, ẹ fi ọwọ́ bo etí kan, kí ẹ fi èkejì gbọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí yín, ilé ìsìn yìí ò ju yàrá gbọọrọ kan lọ. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, páànù tó ti dípẹtà ló bo orí rẹ̀. Rọ́ọ̀mù táyà ọkọ̀ akẹ́rù la so mọ́ igi àgbọn, òun là ń lù bí agogo. Ohùn rẹ̀ á gba orí omi lọ, àwọn tó ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀ ní ọ̀nà Agbówà á gbọ́ ọ, wọ́n á yára ẹsẹ̀. Lónìí a ní agogo tó ń fi iná mànàmáná dún. Ta ló ń gbọ́ ọ? Ẹ̀rọ àwọn tó ń wa yanrìn ń bú ramúramù lójú ọ̀sà, jẹnẹrétọ̀ wa ń dá a lóhùn lẹ́yìn ilé, gbohùngbohùn sì ń pariwo lé àwọn méjèèjì lórí. Ọlọ́run fúnra rẹ̀, tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú ilé yìí, á ní láti kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún àyè.

Bàbá Katikísì ló ṣe fèrèsé yìí. Ọkùnrin kúkúrú ni, kò ní bàtà ju ẹyọ kan lọ, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi gbígbẹ́ ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, òun ló sì ń bójú tó ìjọ torí pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni àlùfáà ń wá láti Ìkòròdú. Nígbà tí wọ́n ń mọ ògiri, àwọn àgbà ní kí fèrèsé kéré, kí ọkàn àwọn èèyàn má baà máa rìn lọ sídìí àwọ̀n wọn. Bàbá Katikísì kọ̀. Ó ní Ọlọ́run ti ń wàásù láti ìdájí kí òun tó dé orí pẹpẹ, òun ò sì lè ti fèrèsé mọ́ Ẹni tó gba òun síṣẹ́. Bí ó ṣe fi àáké gé férémù nìyẹn, igi ìrókò tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ tó ń gbẹ́. Amọ̀ ti lọ, a ti fi sìmẹ́ńtì kọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n férémù yẹn náà nìyí. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ipa àáké ṣì wà lára rẹ̀.

Nítorí fèrèsé yẹn la ṣe ní àṣà kan tí mi ò rí níbòmíràn. Kí Lẹ Rí là ń pè é. Lẹ́yìn orin kejì, Bàbá Katikísì á sọ̀ kalẹ̀, á dúró láàárín wa, á bi ilé kọ̀ọ̀kan léèrè pé, "Kí lẹ rí?" Ohun kan tí Ọlọ́run ṣe, tí o fi ojú ara rẹ rí láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, lo máa sọ. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fún ẹ. Kì í ṣe ohun tí o gbọ́. Ìròyìn ò tó àfojúbà, bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Tí o ò bá rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré lo máa sọ, "Mi ò wò," wàá sì jókòó. Kò sẹ́ni tó máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí gbọ́, ìwọ fúnra rẹ ni ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn.

Ẹ ò lè mọ ohun tí àwọn èèyàn yẹn ń rí. Ìyá kan ní aláǹtakùn ta òwú sí ẹnu ìkòkò omi òun, ó dára débi pé òun ò lè fọwọ́ bà á jẹ́, òun fi ọjọ́ mẹ́ta pọn omi nínú ìkòkò aládùúgbò. Ọkùnrin kan ní igi ẹ̀gẹ́ tí òun sọ sí ààtàn hù, bẹ́ẹ̀ orí ló fi gúnlẹ̀. Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ dìde, ó gbé ọwọ́ ọmọ náà sókè, ó ní òun ń wẹ̀ ẹ́ ni òun rí i pé èékánná ti wà lára ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó ní, "Inú òkùnkùn ló wà o. Ta ló ń jókòó ṣe èékánná níbẹ̀?" Ìdákẹ́ tó bá wa lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ nínú ilé ìsìn kankan.

Àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa pàápàá mọ àṣà yìí. Alfa kan wà tó ń dẹ àwọ̀n. Tó bá ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé lówùúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, á gbé àjẹ̀ sókè, á jẹ́ kí ọkọ̀ máa dá lọ jẹ́jẹ́, á na ọrùn wọlé, á ní, "Ẹ̀yin ará ibí, kí lẹ rí lónìí?" A ó rẹ́rìn-ín. Nígbà míì òun náà á sọ tiẹ̀, pé òun rí lékèélékèé bí i mélòó kan tí wọ́n tò sórí okùn àwọ̀n bí ọmọ iléèwé, á ní sùbùhánáláà, á sì tukọ̀ rẹ̀ lọ. Bàbá Katikísì á kà á mọ́ tiwa. Ó ní omi tí Alfa ń tukọ̀ lórí rẹ̀ ò bi í nípa ẹ̀sìn kó tó gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti adìyẹ yìí fún yín. Ọjọ́ ìkórè ni. Àwọn èèyàn ti kó ẹja yíyan, gbágùúdá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn jọ síwájú pẹpẹ. Àgbébọ̀ adìyẹ kan já okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rìn yíká, ó wọ abẹ́ tábìlì ìwàásù, ó ba síbẹ̀. Bàbá Katikísì ti wàásù dé ìdajì. Ó tẹ̀ ba, ó wò ó, ó wá gbé ìka sí ètè, ó ní kí a dákẹ́, iṣẹ́ Ọlọ́run ń lọ lọ́wọ́, òun ò gbọdọ̀ pariwo lé e lórí. Odindi ìjọ dákẹ́, tàgbà tọmọdé, tí adìyẹ fi yé ẹyin rẹ̀ tán. Nígbà tó bọ́ síta tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, la bú sẹ́rìn-ín, tí a sì kọ orin ọpẹ́ tí páànù ń gbọ̀n. Kò parí ìwàásù yẹn. Ó ní adìyẹ ti parí rẹ̀. Lónìí ńkọ́? Àwọn aṣèrànwọ́ wa tó ń fi ẹ̀rọ sí etí sọ̀rọ̀ á ti fi ìgbálẹ̀ lé e jáde kó tó wọ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀rí tí à ń jẹ́ báyìí. Lágbájá gba físà. Tàmẹ̀dò ra jíìpù. Ọ̀tá kan ṣubú ní ọ́fíìsì kí arákùnrin wa lè gorí àga rẹ̀. Mi ò ní kí a má dúpẹ́ oore. Ta ló máa rí oore tí kò ní dúpẹ́? Ṣùgbọ́n ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń dúró níwájú Ẹni tó dá ọ̀run òun ayé, tí a ò ní ohun kan í bá a sọ ju ẹrù tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ tó jẹ́ pé ọwọ́ baba rẹ̀ nìkan ló máa ń wò, tí kì í wo ojú rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ọmọ tí à ń pè é. Wọ́n sì ní síkírìn náà á máa gbé àwòrán wa jáde, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí ara rẹ̀ bó ṣe ń jó. Ẹni à ń wò kì í wòran, àwọn àgbà ló sọ ọ́. Tí a bá ti wá di ìran ara wa, nígbà wo la máa rí Ọlọ́run?

Ẹ má rò pé mo dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi tí mò ń pariwo yìí, mo parọ́ nínú Kí Lẹ Rí. Mo ti tó géńdé nígbà náà. Obìnrin kan tó máa ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo kó wá sí ìlú wa láti Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ náà ń jẹ́ Àbẹ̀ní. Àbẹ̀ní pupa, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ohun tó bá ń wò. Mo fẹ́ kó wò mí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìkòròdú ni mo wà tí mò ń wo bọ́ọ̀lù, mi ò rí ohunkóhun. Nígbà tó kan ilé wa, mo dìde, mo tún aṣọ mi ṣe kó gún régé, mo ní mo rí akàn tó ń bọ́ èèpo rẹ̀ ní bèbè omi wa. Mo sọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe sán, bó ṣe fi ẹ̀yìn rìn jáde nínú ara rẹ̀ àtijọ́, bí ara tuntun náà ṣe rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹnu ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn ń mi orí. Inú mi dùn.

Àbẹ̀ní na ọwọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iyọ̀ ti wọ omi ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi inú ọ̀rá, ẹ lè má mọ ìdí tí gbogbo ìjọ fi yíjú sí mi. Oṣù keje ni, òjò ń rọ̀ tọ̀sán tòru. Lásìkò òjò, gbogbo odò tó wà lókè ló ń tú sínú ọ̀sà, omi wa á di omi dídùn, koríko orí omi á bò ó, akàn yẹn á sì ti bá omi iyọ̀ lọ sápá òkun. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí odò fà, ni òkun máa ń ti iyọ̀ rẹ̀ padà wá bá wa. Koríko á kú, akàn á dé. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì dìde ńlẹ̀ tí òtítọ́ fi bá a. Àbẹ̀ní ò ní in lọ́kàn láti dójú tì mí o. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Bàbá Katikísì ò bú mi. Ó ní kí n fi oṣù kan gbáko lọ jókòó sétí omi ní àràárọ̀ kí n tó fọwọ́ kan àwọ̀n, n ò gbọdọ̀ dìde àfi tí mo bá rí ohun kan, kí n sì lọ sọ ọ́ nídìí ààrò tí ìyá Àbẹ̀ní ti ń yan ẹja. Ọjọ́ kìíní, omi ni mo rí. Ọjọ́ kejì, omi. Mo bínú bí mo ṣe ń bínú yìí. Ọjọ́ kẹta, òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀, mo rí ewé òjúoró kan lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Omi ló gbé e ró, omi ń bọ́ lé e láti òkè, síbẹ̀ ewé náà gbẹ. Ńṣe ni omi ń yí kúrò lórí rẹ̀ ní róbótó róbótó. Láti kékeré ni mo ti ń fi àjẹ̀ gbá ewé yẹn sọ nù lójú ọ̀nà mi, mi ò rí i rí. Mo sáré lọ sídìí ààrò, mo sọ ọ́, Àbẹ̀ní sì wò mí fúngbà àkọ́kọ́. Ìyá yín tí ẹ ń pè ní Màmá Bọ́lá nìyẹn.

Ọdún mẹ́fà rèé tí ojú rẹ̀ ti fọ́. A lọ sí ilé ìwòsàn, a gbàdúrà, ẹ̀yin náà bá wa gbà á. Nígbà tó yé e pé kò ní là mọ́, ó ní kí n má sunkún, òun ti rí tó, kí n máa bá òun rí èyí tó kù. Nígbà yẹn, ìjọ ti pa Kí Lẹ Rí tì tipẹ́tipẹ́, wọ́n ní ó ń fa ìsìn gùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ìsinmi, a máa ń jókòó sábẹ́ fèrèsé yìí, atẹ́gùn ọ̀sà á fẹ́ sí i lójú, á rọra fi ìgúnpá kàn mí, á ní, "Kí lẹ rí?" Màá sọ fún un. Ohun tí odindi ìjọ ń ṣe nígbà kan wá di ọ̀rọ̀ ẹni méjì lórí bẹ́ǹṣì kan.

Bẹ́ẹ̀, fèrèsé yẹn náà ni wọ́n fẹ́ dí. Mo lọ bá Pásítọ̀. Ọmọ dáadáa ni, ọmọ Ìbàdàn, kò tíì pé ọdún méjì tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní ìmọ́lẹ̀ fèrèsé náà ò ní jẹ́ kí síkírìn hàn, ooru á sì máa wọlé bá éésì tuntun jà. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. A máa gbé àga tìmùtìmù fún Mọ́mì síwájú. Wọn ò kúkú ríran, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Kò mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan, ìyẹn ló tún dùn mí jù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ojúlé, tí mò ń bẹ àwọn ará ìjọ kí wọ́n má gbà kí wọ́n dí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bínú láàárọ̀, tí mò ń bínú lọ́sàn-án. Tí Àbẹ̀ní bá bi mí ní ohun tí mo rí, màá ní kó jẹ́ kí n simi, ṣé kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wa ni.

Àárọ̀ yìí, lásìkò ẹ̀rí, púpọ̀ nínú yín wà níta níbi tí ẹ ti ń ya ara yín ní fọ́tò. Ẹni tó gba físà ti sọ tiẹ̀, ẹni tó kọ́lé ti sọ tiẹ̀. Ìyá yín di férémù mú, ó dìde. Wọ́n gbé gbohùngbohùn wá. Àwọn kan ti ń ké halelúyà, wọ́n rò pé ojú rẹ̀ ló là.

Ó ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Iyọ̀ ti wọ omi. Ọ̀sẹ̀ yìí ló wọ̀ ọ́. Koríko ti ń kú, mo gbọ́ òórùn rẹ̀ lójú fèrèsé yìí. Kò gbàgbé wa lọ́dún yìí náà."

Gbogbo ilé ń retí ìyókù. Pásítọ̀ rọra bi í bóyá ẹ̀rí rẹ̀ náà nìyẹn. Ó ní òun náà ni. Ó wá yíjú sí ibi tí mo wà.

"Bàbá Bọ́lá, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rí?"

Mo dìde. Mo wo ìta. Gbogbo etí omi ti pọ́n, koríko ti rọ sílẹ̀ títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Ẹni tó ní ojú ẹyọ kan á ti rí i láti ọjọ́ Ajé. Èmi ní méjì. Mò ń jà nítorí fèrèsé, mi ò sì gba ojú rẹ̀ wo ìta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Búlọ́ọ̀kù ni mò ń wò. Ojú tì mí, ẹ̀yin ọmọ. Mo lè parọ́, torí kò ríran. Ṣùgbọ́n mo ti dán an wò lójú rẹ̀ rí.

Mo ní, "Àbẹ̀ní, mi ò wò." Mo sì jókòó.

Nígbà tí ìsìn parí, mo dúró sójú fèrèsé, mò ń wò. Mo rí Pásítọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi tòun ti kóòtù rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ omi, ó fi kan ahọ́n. Ó tún ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó padà wá, kò sọ pé àwọn ò ní dí i mọ́. Ó kàn ní kí bíríkìlà má wá lọ́la, kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ jókòó lọ́jọ́rú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní aṣojú méjì nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Mo mọ̀ wọ́n, wọ́n jókòó síbí.

Mi ò ní kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ. Ọ̀rọ̀ mi ti tán, ó sì ti gùn ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dìde lórí búlọ́ọ̀kù, ẹ yíjú sí omi, kí ẹ wò ó díẹ̀. Ìyá yín ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì nínú lọ́hùn-ún, ó ń gbọ́ gbogbo wa. Ẹ máa kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ẹ bá ń lọ, ó sì máa bi yín léèrè. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ sọ pé ẹ ò wò. Ẹ má parọ́ fún un o. Ó máa mọ̀.